Lékeléke Kì Í Ṣe Dókítà Màlúù

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé eégbọn ni lékeléke ń jẹ lára màlúù? Létí dáàmù Ìkéré, lápá Ìsẹ́yìn, bàbá kan tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo omi nàka sí ẹyẹ funfun kan, ó ní, "Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe ṣètò ayé? Eégbọn ló ń ṣà jẹ yẹn." Àwọn ọmọ ń mi orí. Mo dákẹ́, torí kò dáa kéèyàn máa já bàbá nírọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tíṣà ń sọ ọ́, awakọ̀ ń sọ ọ́, àwọn ará Wọ́ọ̀sáàpù ò sì yéé pín in kiri.

Ìkéré dára púpọ̀ fún wíwo ẹyẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò Ògùn ni wọ́n sé sáàárín àwọn òkè níbẹ̀. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, koríko tútù á hù síbi tó fà kúrò, àwọn Fúlàní á kó màlúù wá, lékeléke á tẹ̀lé wọn. Ẹ jókòó sórí àpáta, ẹ gbé awò tó ń fa ọ̀ọ́kán súnmọ́ni sójú, kẹ́ ẹ má wo màlúù o. Ojú ẹyẹ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ilẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ màlúù gan-an ló ń dúró sí, á na ọrùn, á máa mì ín díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí màlúù bá gbé pátákò, tí ẹlẹ́ǹgà ta jáde nínú koríko, kíá, ó ti gbé e mì. Á tún sáré díẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà má bàa fi òun sílẹ̀. Mo ti rí i tó gbé àkèré, mo ti rí i tó gbé ọmọ alángbá tí ìrù rẹ̀ ṣì ń jà létí ẹnu rẹ̀. Àwọn olùwádìí tó la ikùn rẹ̀ wò náà, ẹlẹ́ǹgà, ìrẹ̀ àti eṣinṣin ni wọ́n ń bá níbẹ̀ jù.

Èyí tó parí ẹjọ́ náà lójú tèmi rèé. Lọ́sàn-án gangan, màlúù á dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Bó bá jẹ́ eégbọn ni lékeléke ń wá, ṣebí àsìkò tó yẹ kó jẹ àjẹyó nìyẹn: ẹran ò rìn, ikùn rẹ̀ wà nílẹ̀, etí rẹ̀ wà nítòsí. Kí ni lékeléke ń ṣe? Á fi wọ́n sílẹ̀, á lọ bá àwọn tó ṣì ń jẹko. Bí gbogbo agbo bá dùbúlẹ̀, òun náà á ká ọrùn, á máa tòògbé. Màlúù tí ò rìn ò wúlò fún un, torí kò ní lé kòkòrò kankan sókè.

Ẹ tún lọ síbi tí katakata ti ń ro ilẹ̀. Lékeléke á tò tẹ̀lé e bí ọmọ iléèwé. Eégbọn wo ló wà lára katakata? Bí wọ́n bá ń sun igbó, á wá dúró sétí iná, kó lè gbé ohun tó bá ń sá fún èéfín.

Ibo tiẹ̀ ni eégbọn máa ń so mọ́ gan-an? Inú etí, abẹ́ ìrù, abẹ́ itan, ẹ̀gbẹ́ ọmú. Màlúù wo ló máa dúró kí ẹyẹ máa fi ẹnu ṣóńṣó gún un lọ́mú? Ẹ bi Fúlàní léèrè. Ọwọ́ ló fi ń já eégbọn, oògùn ló ń rà fín sí ẹran lára, owó gidi ló sì ń ná. Àwọn àgbà tó ní eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, adìyẹ ń sá, kò mọ̀ pé oúnjẹ òun ni, wọ́n mọ ẹyẹ tí wọ́n ń pè. Wọn ò pe lékeléke.

"Ṣùgbọ́n mo rí i lórí ẹ̀yìn màlúù." Ó gun ibi gíga kó lè ríran ni. "Wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n." Ẹyẹ mìíràn lẹ rí, èyí kékeré tí èékánná rẹ̀ mú, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹfọ̀n lára. Òun náà a sì máa mu ẹ̀jẹ̀ ojú egbò, ẹ má jẹ́ n ṣí ìyẹn.

Àwọn ará Hawaii, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, fojú irú èrò yìí wò ó. Ní 1959 wọ́n kó lékeléke wọlé kó lè bá wọn jẹ kòkòrò tó ń yọ màlúù lẹ́nu. Ó bí sí i, ó rẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ àwọn ẹyẹ tí wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tó di 2017, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àṣẹ jáde tó fàyè gba àwọn òṣìṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn láti máa pa á níbẹ̀.

Ó dáa, ó lè ṣèèṣì ṣa eégbọn kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní kò ṣẹlẹ̀ rí.

Àwọn apẹja tún ní tiwọn: lékeléke ló ń jẹ ẹja tán. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹyẹ kẹ́ ẹ tó búra. Èyí tó wọnú omi, tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wá dà bí àwọ̀ ìyeyè, ẹja ni tirẹ̀. Ti màlúù, ẹnu rẹ̀ kúrú, ó pọ́n rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ sì ki. Bí àsìkò àti yé ẹyin bá sún mọ́, orí àti àyà rẹ̀ náà á pọ́n, ẹyẹ tí wọ́n ní ó lẹfun á wá lọ yá osùn lọ́wọ́ àlùkò. Orí igi etí omi ló ń wá sùn nírọ̀lẹ́, orí ilẹ̀ ló ti ń jẹun. Kí wọ́n lọ bá ẹlẹ́sẹ̀ dúdú ṣẹjọ́.