Irọ́ ni pé fọ́ǹtì afọwọ́kọ kò gba àmì Yorùbá

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ káàdì ìgbéyàwó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òṣogbo, láti Olú-Òde títí dé Òkè-Fìà, ẹ ó gbọ́ ọ pé fọ́ǹtì afọwọ́kọ, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ so mọ́ra bí ẹni fi gègé kọ ọ́, kò gba àmì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn yọ ọ́ kí káàdì lè mọ́ lójú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yíyọ yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: "A fi ọ̀wọ̀ pè yín" á di "A fi owo pe yin", bí ẹni pé owó ni wọ́n fi pe àlejò.

Fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ló ní iye lẹ́tà tí ẹni tó ṣe é yà sínú rẹ̀. Edwardian Script, tí Ed Benguiat ṣe ní 1994, ní á, è àti ò. Kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹ bá tẹ ọ, kọ̀ǹpútà á lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà náà á dúró gbagidi láàárín àwọn tó dẹ̀gbẹ́, ìrù tó so wọ́n pọ̀ á sì já. Nígbà mìíràn, àpótí òfìfo ló máa jáde. Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé lẹ́tà "ò" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà), "ọ" náà ní, ṣùgbọ́n "ọ̀" kò ní: ọ ni a ń tẹ̀ kí a tó gbé àmì lé e. Tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá yan ibùjókòó fún àmì yẹn, á yẹ̀ sí ọ̀tún, á lọ gun lẹ́tà kejì.

Nítorí náà, ẹ dán fọ́ǹtì wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ẹ kọ "Ọ̀ṣun Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n" sínú àpótí ìdánwò Google Fonts, ìkànnì tí fọ́ǹtì pọ̀ sí, kí ẹ sì jẹ́ kó tóbi dáadáa. Dancing Script, fọ́ǹtì afọwọ́kọ kan níbẹ̀, wà fún èdè Vietnam pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí ẹ àti ọ fi wà nínú rẹ̀. Vietnam kò lo ṣ, torí náà ṣ ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù.

Tó bá jẹ́ Edwardian ni oníbàárà taku sí, ẹ tẹ "òwò" dípò "ọ̀wọ̀" nínú CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya káàdì lórí kọ̀ǹpútà, nítorí àmì òkè ti wà nínú fọ́ǹtì. Ẹ tẹ i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ inú káàdì (kò ní ṣeé tún tẹ̀ mọ́), ẹ lo Ctrl+Q, tó ń sọ lẹ́tà di àwòrán, kí ẹ já àmì orí i, kí ẹ gbé e sábẹ́ ikùn o. Kì í ṣe sábẹ́ ìrù rẹ̀ o! Àmì orí i dára ju àmì ìdánudúró lọ, torí sísanra rẹ̀ bá lẹ́tà mu.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà: lẹ́tà 28 pt (pt ni ìwọ̀n lẹ́tà) ń fẹ́ bíi 40 pt láti ìlà kan dé èkejì, kí àmì ìsàlẹ̀ má baà kan àmì òkè ìlà kejì. Ẹ má fẹ àyè àárín lẹ́tà, ìsopọ̀ á já. Ẹ má sì fi lẹ́tà ńlá kọ odindi orúkọ. Orúkọ tọkọtaya ni kí ẹ fi afọwọ́kọ kọ. Ibi ayẹyẹ àti aago, ẹ fi fọ́ǹtì Gentium kọ ọ́, gbogbo àmì wa ló wà níbẹ̀.