Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́: Ìmọ̀ràn Lórí Sùẹ́tà Tí Kò Bá Ara Mu

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Abiyamọ tí ọmọ tuntun bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni àwọn àgbà sábà ń fi òwe yìí kí, torí náà mo mọ bó ṣe wúwo tó, mi ò sì fi ṣeré bí mo ṣe gbé e wá sórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ohun tó jẹ́ kí n gbé e wá ni pé ìtùnú inú rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́, a kì í gbọ́ àyẹ̀wò inú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé agbè ò fọ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gbé e nílẹ̀, kó yí i wò, kó fọwọ́ ra ìdí rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu lásán ló fi ń sọ̀rọ̀, omi tí wọ́n bá sì tún pọn sínú rẹ̀ yóò jò tán lójú ọ̀nà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pè mí lórí fídíò nítorí sùẹ́tà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún fún ọkọ rẹ̀, òwú irun àgùntàn gidi, aláwọ̀ ewé tó ṣú. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ló bẹ̀rẹ̀, òtútù ti tún dé kó tó parí. Ọkọ wọ̀ ọ́ dúró síwájú fóònù kí n lè rí i. Apá rẹ̀ bò ó mọ́ ìka, abẹ́ apá rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀, ọrùn rẹ̀ sì ṣí débi pé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ hàn tán. Ìyàwó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ṣé kí n tú u ni àbí kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ kò tíì wọ̀ ọ́ jáde rí." Mo ní kó tún gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀ yẹn sọ, kí òun náà lè gbọ́ ọ.

Omi tó dànù ni àsìkò. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Bí ìyípo kan bá ní ojú 220 lórí abẹ́rẹ́, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tí a ń hun, tí ìyípo 120 sì wà láti ìsàlẹ̀ aṣọ dé abẹ́ apá, ojú 26,400 nìyẹn, a ò tíì dé èjìká, a ò tíì kan apá méjèèjì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí abẹ́rẹ́ kò gbà kọjá. Iye yìí ló ń ba àwọn ahunṣọ lẹ́rù tí wọ́n fi ń ká aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ sínú àpótí, tí wọ́n á ní àwọn ò lè fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tú iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n àpótí kì í tọ́jú àsìkò. Bó tú u, bí kò tú u, àwọn alẹ́ tó fi jókòó hun ún ti lọ. Èyí tí kò lọ ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́, títú ò sì lè tú ìyẹn. Ní tèmi o, àánú iṣẹ́ nìkan kò tó ìdí tí a fi ń fi aṣọ pamọ́.

Báwo gan-an ló ṣe dànù? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìwé àwòṣe tó ń tẹ̀ lé ní kí ojú 22 gba sẹ̀ǹtímítà 10. Kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ, wọ́n máa ń hun onígun mẹ́rin kékeré kan fi dánra wò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ọmọ yìí hun tirẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n, àmọ́ kò fọ̀ ọ́. Òwú tó lò sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fi oògùn ṣiṣẹ́ lé lórí nílé iṣẹ́ kó má bàa sún kì nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Irú òwú bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àtimáa fẹ̀ sí i tómi bá ti kàn án. Lẹ́yìn tó fọ sùẹ́tà náà, ojú 20 ló kù nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ojú méjì péré, ẹ̀yin ará. Bí ojú 22 bá gba sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 220 á yí àyà sẹ̀ǹtímítà 100 ká. Bó bá jẹ́ ojú 20 ló gba 10, ojú 220 kan náà á di 110. Bí ìtẹ́ ṣe ju eku lọ nìyẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa dúró de ègé aṣọ kékeré kó gbẹ nígbà tí òwú tuntun wà nílẹ̀ tí ọwọ́ sì ń yún ni?

Agbè wá ńkọ́? Òwú ni agbè, ibí ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo òwú ló ṣeé tú. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Bí omi gbígbóná, ọṣẹ àti gbígbo bá pàdé lára rẹ̀, àwọn ìpẹ́ náà á há mọ́ra wọn, aṣọ á sún kì, á nípọn, ojú híhun rẹ̀ á sì pòórá. Ẹ má ṣe jókòó ti irú èyí pé ẹ fẹ́ tú u. Agbè ti fọ́. Ẹ gé e, ẹ máa fi gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Mohair, ìyẹn irun ewúrẹ́ Angora, kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ máa ń dì mọ́ra bí ẹ ṣe ń fà á. Àwọn kan máa ń gbé aṣọ náà sínú fìrísà fún wákàtí díẹ̀ kí irun rẹ̀ lè rọrùn ú yà. Òwú oníke tí ọ̀pọ̀ ìyá nílé fi ń hun sùẹ́tà ọmọ ìkókó ọlọ́yẹ́ máa ń tú wẹ́rẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e rí, ó ti dẹ̀ pátápátá, kò ní padà sí bó ṣe wà.

Ti òkìrìkà ló máa ń dun èèyàn jù. Ẹ rí sùẹ́tà ńlá tí òwú rẹ̀ dára, ẹ rà á ní owó pọ́ọ́kú, ẹ ní ẹ máa tú u fi hun tiyín. Ẹ kọ́kọ́ yí i sódì, kí ẹ wo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé etí aṣọ ti inú wọlé ní ojú híhun tó pé, tí wọ́n kàn fi òwú so ó pọ̀, ẹ ti rí ọjà. Bí ẹ bá rí i pé sísọ́ọ̀sì ló gé e, tí ẹ̀rọ sì wá fi òwú tín-ín-rín rán etí rẹ̀ yípo kó má bàa tú, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Gbogbo ìlà inú rẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́, gígùn òwú kan kò ní ju ìbú aṣọ náà lọ.

Ẹni tó bá ka títú sí ìtìjú kò tíì gbọ́ ìtàn aṣọ. Àwọn apẹja etíkun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ní sùẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní gansey, tí híhun rẹ̀ ki débi pé afẹ́fẹ́ òkun kì í ráyè gbà á kọjá. Láti èjìká ni wọ́n ti ń mú ojú apá rẹ̀, tí wọ́n á hun ún wá sí ọrùn ọwọ́, kó lè jẹ́ pé bí etí ọwọ́ bá jẹ, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n á tú, tí wọ́n á sì tún un hun. Wọ́n ti mọ̀ pé àwọn máa tú u kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti oṣù Kẹfà 1941, owó nìkan ò tó ra aṣọ ní Britain, àfi pẹ̀lú kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé ìpín tí ìjọba ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 66 péré fún àgbàlagbà lọ́dún àkọ́kọ́, òwú sùẹ́tà pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀. Sùẹ́tà bàbá tó gbó ni wọ́n ń tú fi hun tọmọ, ó di 1949 kí ètò kúpọ́ọ̀nù aṣọ tó dópin. Nítòsí ilé wa, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Opoku Ware, ọba Asante nílẹ̀ tó di Ghana lónìí, ní kí wọ́n tú aṣọ sílíìkì òyìnbó kí àwọn ahunṣọ òun lè rí òwú rẹ̀ lò. Rømer, oníṣòwò ará Denmark tó gbé létíkun ilẹ̀ Ghana yẹn, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ-òkè tiwa ńkọ́? Tóóró tóóró ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bí ìró bá há, télọ̀ á tú ojú rírán kan, á fi tóóró kan kún un, ẹnikẹ́ni kì í ké.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Apá tó gùn kò ní kí ẹ tú gbogbo aṣọ. Ẹ wá ìlà tó yẹ kí apá parí sí, ẹ gé ojú kan ṣoṣo nínú ìlà náà, kí ẹ fi orí abẹ́rẹ́ yọ òwú rẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan yípo títí ìsàlẹ̀ á fi já bọ́. Ẹ kó ojú tó ṣí sílẹ̀ sórí abẹ́rẹ́, kí ẹ hun etí ọwọ́ tuntun lọ sísàlẹ̀. Àyà yín á já nígbà tí sísọ́ọ̀sì bá kan òwú, kò sí ẹni tí tirẹ̀ kì í já. Ìsàlẹ̀ aṣọ tó gùn jù náà gba irú ìtọ́jú yìí. Ìbú ni kò gba ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 10 tó lé ní àyà, bí ẹ bá fi rírán gbà á wọlé, yóò wú sí ẹ̀gbẹ́.

Tàbí kí ẹ wá eku míì tí ìtẹ́ náà yẹ. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sígbọnlẹ̀, mo ní kí wọ́n kúkú gbé e fún un. Ó ní, "Ha, Àǹtí! Èmi ò jókòó hun nǹkan fún bùọ̀dá o." Mo rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn nìyẹn náà, torí àwọn aṣọ kan wà tí orúkọ ẹnì kan ti wà lára wọn látìgbà tí a ti ń kó ojú àkọ́kọ́ sórí abẹ́rẹ́. Ohun tí mi ò fara mọ́ rárá ni kí ọkọ máa wọ̀ ọ́ nítorí àánú, kó máa ká apá rẹ̀ sókè nídìí oúnjẹ, kó sì máa bọ́ ọ sínú mọ́tò kó tó wọ ibi iṣẹ́. Ìyàwó á mọ̀. Ó ti mọ̀ ná.

Torí náà mo ní kó tú u, àmọ́ kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwú tí a bá fi ìbínú fà a máa já. Kó gbé e jìnnà sójú ná, bí inú bá rọ̀ tán, kó mú un ní ọ̀sán tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ibi tí híhun parí sí ni títú ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú tirẹ̀, ọrùn ni. Bó ṣe ń tú u ni kó máa ká a mọ́ ẹ̀yìn àga, kó fi òwú àwọ̀ mìíràn dè é níbi mẹ́rin, kó má fún un. Òwú tó ti pẹ́ nínú aṣọ máa ń rí kọ́lọkọ̀lọ. Kó rẹ ẹ́ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó tẹ omi ara rẹ̀ dànù láì lọ́ ọ, kó wá gbé e kọ́ níbòji. Bó bá gbẹ, á ti nà padà. Ẹni tó bá fojú fo fífọ̀ yìí tó tún kó o sórí abẹ́rẹ́, ojú híhun rẹ̀ á rí játijàti, ìwọ̀n tó bá sì wọ̀n lára rẹ̀ á tún parọ́ fún un. Nígbà tí sùẹ́tà tuntun á sì kéré sí ti àkọ́kọ́, kò ní jẹ òwú tó o, èyí tó bá kù á tó fìlà.

Mo fẹ́ yọ irú sùẹ́tà kan sọ́tọ̀ o. Bó bá jẹ́ ìyá yín tó ti lọ ló hun ún, bó ti wù kó fẹ̀ tó, bó ti wù kó há tó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Níbẹ̀ òwe náà yí padà: òwú ni omi, ọwọ́ tó hun ún ni agbè, agbè yẹn sì ti fọ́. Ojú tó fò níbi kan, ìlà tó fi sí òdì nítorí pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó lè tún wọn hun. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e pa mọ́, torí òógùn àti àbàwọ́n oúnjẹ ni kòkòrò ajẹṣọ ń wá. Ẹ má gbé e kọ́, ẹ ká a, ẹ dì í sínú ọ̀rá tó ṣeé pa dé. Bí ọmọ yín bá béèrè fún un, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ bó ṣe tóbi tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rí i tó ní òwú yìí mà dára o, ẹ ò ṣe tú u kí ẹ fi hun ohun gidi, ẹ ní kó lọ ra òwú tirẹ̀.