Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá wa pín kọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látìgbà tí mo ti ṣe háúsìmàn. Rósítà kọ́ọ̀lù, ìyẹn ìwé tó ń sọ dókítà tó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, tá a máa ń fọwọ́ kọ tá a wá ń lẹ̀ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù yẹn, ó ti tó ká jáwọ́ níbẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀, téèyàn bá jáde dókítà ní Nàìjíríà, ọdún kan ló máa fi ṣe háúsìmàn kí MDCN, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní láísẹ́ńsì, tó fún un ní láísẹ́ńsì gidi: oṣù 3 ní Medicine, oṣù 3 ní Surgery, oṣù 3 lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, oṣù 3 lọ́dọ̀ àwọn aboyún. Gbogbo ibẹ̀ ló ní kọ́ọ̀lù, wàá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, wàá ṣe é mọ́jú, ilẹ̀ á mọ́ wàá tún tẹ̀lé àwọn ọ̀gá lọ ward round, láti lọ wo àwọn aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì wọn.

Oṣù kan, èmi ni kíkọ rósítà bọ́ sí lọ́wọ́. Àwa 7 la wà níbẹ̀. Mo pín in tán, ẹnì kan ní òun ní ìgbéyàwó, mo yọ ọ́, ibi tí mo gbé e sí tún kọlu ti ẹlòmíì, mo tún sún tìyẹn náà, àṣé ọmọbìnrin tó dákẹ́ jù nínú wa ni mo to Fúráìdé, Sọ́ńdè àti Túsìdé lé lórí. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, ojú mi ò kàn ká a ni. Láàárọ̀ Wẹ́sìdé ó ń tòògbé lóòró bó ṣe ń fa oògùn ọmọ kékeré kan sínú sírínjì, nọ́ọ̀sì àgbà ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé.

Èèyàn 7, ọjọ́ 30, ẹnì kan lálẹ́ kan: iye ọ̀nà téèyàn lè gbà pín in, nọ́ḿbà tó ní dígíìtì 26 ni! Ta ló fẹ́ fi bírò wá èyí tó dáa nínú ẹ̀? Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yẹn yẹ. Ẹ sọ fún un pé kọ́ọ̀lù méjì ò gbọdọ̀ sún mọ́ra jù, kí wíkẹ́ńdì kárí, kó má fi orúkọ ẹni tó wà ní líìfù síbẹ̀, kó sì máa ka wákàtí. Láti 2003 ni wọ́n ti ní káwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà má ṣe ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, lọ́dọ̀ tiwa ta ló ń kà á? Ẹ má sọ pé kò síná o, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa ṣe é, WhatsApp náà la ṣáà ń fi rósítà sí.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ò lè bí dókítà. Tí gbogbo wọn bá ti já pa tó wá ku èèyàn 3, kò sóhun tó máa pín. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìwé ni, a máa rún un mọ́ra ṣáá títí orúkọ á fi kún gbogbo àyè, ọ̀gá á wò ó á ní ó pé. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ ní gbangba pé èèyàn 3 ò lè ṣe é. Ẹ tẹ ìyẹn síwèé, kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí tábìlì CMD, ọ̀gá àgbà ọsibítù.