Aṣọ ìdílé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìgbéyàwó èèṣì ni òótọ́: ohun tó ń dùn nínú ìtàn ìfẹ́ Skọ́tlándì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ pẹlẹbẹ tó dá lórí Skọ́tlándì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìwé tí èèyàn lè kà tán lórí fóònù kí mọ́tò tó kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ọkùnrin gìrìpá kan wà níbẹ̀ tó wọ kilt, ìró tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń ró mọ́ ìdí. Tartan ìdílé rẹ̀ ni, ìyẹn aṣọ onílà tó dábùú ara wọn, àwọn baba ńlá rẹ̀ ló sì fi sílẹ̀ fún un. Obìnrin kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì gba ìgbàkugbà. Òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n yà sí ilé èrò, yàrá kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ni wọ́n bá sọ níwájú onílé pé tọkọtaya làwọn. Ilẹ̀ mọ́, agbẹjọ́rò kan dé, ó ní wọ́n ti di tọkọtaya lóòótọ́. Ìjà bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ìwé wọ̀nyí àti lẹ́nu àwọn tó kórìíra wọn. Wọ́n gbà pé aṣọ yẹn ni ìtàn gidi, pé láti ayébáyé ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní tartan tirẹ̀. Wọ́n sì gbà pé ìgbéyàwó yẹn ni irọ́. Ta ló ń gbéyàwó láìmọ̀? Àwọn òbí dà? Àlùfáà dà? Ìdána ńkọ́? Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní ká fojú fo ìyẹn, torí ìwé náà ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ á ní ẹ̀rí nìyẹn pé ìwé ọ̀dẹ̀ ni. Òdìkejì gan-an ló rí. Aṣọ ìdílé yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ìgbéyàwó yẹn ni òfin Skọ́tlándì mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, inú òfin yẹn sì ni adùn ìwé wọ̀nyí ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ aṣọ. Lóòótọ́, ó ti pẹ́ tí àwọn ará òkè Skọ́tlándì, ìyẹn apá ibi tó kún fún òkè, ti ń hun aṣọ onílà tó dábùú ara wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1590 ni àkọsílẹ̀ ti wà nípa aṣọ gbọọrọ tí wọ́n máa ń ṣẹ́ jọ, tí wọ́n á fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìdí, tí ìyókù á gba èjìká. Kilt kékeré tó wà lára èèpo ìwé kò jáde títí ọdún 1700 fi kọjá. Ṣùgbọ́n pé tartan báyìí ni ti ìdílé yìí, tọ̀hún ni ti ìdílé kejì, kò sí nínú rẹ̀. Ayàwòrán David Morier ya ogun Culloden, níbi tí àwọn sójà ọba ti ṣẹ́gun Ọmọọba Charles tó ń jà nítorí ìtẹ́, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1746. Nínú àwòrán náà, ara ẹnì kan ṣoṣo lè ní oríṣi tartan méjì mẹ́ta, kò sì sí èyí tó bá tartan ìdílé ti òde òní mu. Rìbọ́ọ̀nù funfun tó wà lára fìlà ni àwọn ọmọ ogun Ọmọọba Charles fi ń dá ara wọn mọ̀.

Lẹ́yìn ogun náà, ìjọba fòfin de aṣọ àwọn ará òkè fún ọkùnrin, àfi ẹni tó bá ń ṣe sójà ọba. Ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Nígbà tí aṣọ máa fi padà dé, ọjà ti wọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ Wilson ní Bannockburn, lẹ́bàá Stirling, kó àwọn bátànì rẹ̀ sínú ìwé kan ní 1819, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba orúkọ ìdílé nítorí pé orúkọ ń ta aṣọ. Ní 1815, ẹgbẹ́ àwọn ará òkè tó wà ní London ti ní kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi tartan rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú èdìdì. Nígbà tí Ọba George Kẹrin wá sí Edinburgh ní 1822, òǹkọ̀wé Walter Scott ló ṣètò àlejò náà, ó sì fẹ́ kí àwọn èèyàn ńlá jáde nínú tartan. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1842, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Sobieski Stuart tẹ ìwé kan jáde, wọ́n ní inú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ làwọn ti kó àwọn tartan ìdílé jọ. Ayédèrú ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tartan tí wọ́n ń wọ̀ lónìí, ibẹ̀ ló ti jáde.

Mi ò fi èyí bu aṣọ náà kù. Bí aṣọ ẹbí ló ṣe rí: ọjọ́ tí ẹbí yàn án ni ó di tiwọn, kò dìgbà tí baba ńlá bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi òun ṣe ìtàn, kí a wá pe ìgbéyàwó ní irọ́.

Ìgbéyàwó ló yẹ ká jókòó tì. Nígbà àtijọ́, òfin ìjọ Kátólíìkì káàkiri Yúróòpù sọ pé ohun tó ń sọ ọkùnrin àti obìnrin di tọkọtaya ni pé kí àwọn méjèèjì gbà. Ìjọ fẹ́ kí àlùfáà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ìgbéyàwó dúró. Ní 1563, ìgbìmọ̀ ìjọ tó jókòó ní Trent yí i padà: láìsí àlùfáà àti ẹlẹ́rìí, kò sí ìgbéyàwó. Skọ́tlándì ti kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1560, ọdún mẹ́ta ṣáájú. Òfin tuntun kò kàn wọ́n. Ti àtijọ́ ló kù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dì í mú títí di 1940.

Bí òfin náà ṣe rí nìyí. Bí ọkùnrin bá sọ pé ìyàwó òun nìyí, tí obìnrin sọ pé ọkọ òun nìyí, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti ọkàn àwọn méjèèjì wá, ó parí. Kò gba àlùfáà, kò gba àṣẹ òbí, kò gba ìwé ìjọba. Kódà kò gba ẹlẹ́rìí. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sẹ́ ni ẹlẹ́rìí ń wúlò. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn á fẹ́ ara wọn lọ́jọ́ iwájú, kí obìnrin sì gba ọkùnrin láyè nítorí ìlérí yẹn. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n máa gbé pọ̀ bí tọkọtaya títí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Títí di 1929, ọmọkùnrin ọdún 14 àti ọmọbìnrin ọdún 12 lè ṣe é. Èyí ò dáa, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń yin òfin yìí rántí rẹ̀.

Ìtàn tó máa ń wá sí mi lọ́kàn jù ni ti Johanna Gordon. Ní 1804, ọ̀dọ́ sójà ẹlẹ́ṣin kan tó ń jẹ́ John Dalrymple dé Edinburgh pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni. Òun àti Johanna kọ ìwé fún ara wọn ní bòókẹ́lẹ́ pé tọkọtaya ni àwọn, Dalrymple sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sínú, kí bàbá òun má baà gbọ́. Ní 1808, Dalrymple lọ fẹ́ Laura Manners ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johanna kó ìwé rẹ̀ jáde. Ní 1811, Sir William Scott, adájọ́ ní London (òun kọ́ ni òǹkọ̀wé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan), dájọ́ pé gẹ́gẹ́ bí òfin Skọ́tlándì, Johanna ni ìyàwó. Ìwé pélébé tí ẹnikẹ́ni kò rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ló borí ìgbéyàwó tí gbogbo ayé mọ̀.

Robert Burns, akéwì tí wọ́n ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún títí dòní, wọ irú ọ̀ràn yìí. Ní 1786, ó fún Jean Armour tó lóyún rẹ̀ ní ìwé pé tọkọtaya ni àwọn. Bàbá Jean bínú débi pé ó gbé ìwé náà lọ bá agbẹjọ́rò ní Ayr, ìyẹn sì gé orúkọ àwọn méjèèjì kúrò lára rẹ̀. Ọdún 1788 ni àwọn àgbà ìjọ ní Mauchline tó bá wọn wí, tí wọ́n sì gbà wọ́n ní tọkọtaya.

Gretna Green lọ́pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Láti 1754, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ìgbéyàwó di ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí kò sì tíì pé ọdún 21 kò lè gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó láìsí ọ̀rọ̀ òbí. Àwọn olólùfẹ́ sì ń sá kọjá ẹnu ibodè lọ sí Skọ́tlándì, abúlé tó wà nítòsí ibodè náà ni Gretna. Alágbẹ̀dẹ á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, á lu irin, ó parí. Joseph Paisley tó lókìkí jù nínú àwọn tó ń ṣe é kì í tilẹ̀ ṣe alágbẹ̀dẹ. Ní 1818, Lord Erskine tó ti jẹ́ olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ gbéyàwó níbẹ̀. Ní 1856 ni wọ́n fi kún òfin pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ní Skọ́tlándì fún ọjọ́ 21.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń fi iyọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ilé èrò yẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ nínú eré, tàbí tó kàn fẹ́ yàrá, òfin kò dè é, nítorí ọkàn ni òfin ń wò. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọkàn? Ní 1857, Theresa Longworth àti Ọ̀gágun Yelverton ka àdúrà ìgbéyàwó fún ara wọn nínú yàrá ní Edinburgh, àlùfáà kan tún so wọ́n pọ̀ ní Írẹ́lándì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn. Kóòtù ní Dublin dá Theresa láre ní 1861, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London dá a lẹ́bi ní 1864. Ọdún méje gbáko ni obìnrin yìí fi wà láìmọ̀ bóyá abilékọ ni òun.

Nínú iyèméjì yìí ni ìtàn aláwàdà ti ń rí ààyè. Ìtàn ìfẹ́ yòókù máa ń rìn lọ sí ìgbéyàwó, ibẹ̀ ló sì ń parí. Èyí bẹ̀rẹ̀ níbi ìgbéyàwó. Ìbéèrè kì í ṣe bóyá á fẹ́ mi, ó ti fẹ́ mi ná. Ìbéèrè ni pé ṣé èmi àti ọkùnrin olóríkunkun yìí á lè jọ mu tíì láìjà. Ìdí nìyẹn tí ìwé pẹlẹbẹ fi bá a mu. Òǹkọ̀wé kò ní láti fi ojú ewé igba mú wọn pàdé, òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí ojú ewé kẹwàá tó dé. Ohun tó kù ni ẹnu, àríyànjiyàn, àti bí ojú ṣe ń yí padà.

Òfin yẹn tún fún obìnrin inú ìtàn lágbára tí kò ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wúwo bíi ti ọkùnrin. Láti àsìkò tí Skọ́tlándì ti kúrò lábẹ́ Póòpù ni tọkọ tìyàwó ti lè gba ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù nítorí àgbèrè, òfin 1573 sì fi kún un pé ẹni tí wọ́n bá pa tì lè gbà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní kóòtù ìkọ̀sílẹ̀ títí di 1857. Nítorí náà, bí obìnrin inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dúró sójú ọkọ tó ṣe àgbèrè tàbí tó pa á tì, tó sọ pé òun á kọ̀ ọ́, kì í ṣe àsọdùn, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń gba ìwé Mills & Boon lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ wa nígbà kan rò pé irú ìwé báyìí ń kọ́ wọn ní ìranù. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó jókòó bi àwọn ọmọ náà léèrè ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀.

Irọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà o, èyí tí àwọn òǹkàwé sì gbàgbọ́ jù ni: ìgbéyàwó ọdún kan àti ọjọ́ kan, tí wọ́n ní tọkọtaya máa di ọwọ́ ara wọn mú ṣe, tí wọ́n á fi dán ara wọn wò, kí oníkálùkù wá máa lọ bí kò bá wọ̀. Martin Martin tó kọ̀wé nípa àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn, àti Thomas Pennant tó rin ìrìn àjò ní 1772, gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Walter Scott fi í sínú ìtàn ní 1820, ó sì di òótọ́ lẹ́nu ayé. A. E. Anton, onímọ̀ òfin, yẹ̀ ẹ́ wò ní 1958, kò sì rí i nínú òfin Skọ́tlándì. Ìfẹ́sọ́nà lásán ni dídì tí wọ́n ń di ọwọ́ ara wọn mú yẹn. Bí wọ́n bá sì sùn pọ̀ lẹ́yìn ìlérí náà, wọ́n ti di tọkọtaya pátápátá. Òfin yẹn kò mọ ìdánwò rárá. Lójú tèmi, òǹkọ̀wé tó bá lo ọdún kan àti ọjọ́ kan ti ba ìtàn ara rẹ̀ jẹ́, torí ó ti ṣí ilẹ̀kùn tí òfin tì.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìwé tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ wo ibi tó fi ìtàn sí àti ọdún rẹ̀. Ìgbéyàwó ọ̀rọ̀ ẹnu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn 1754 kò lè dúró. Ní Skọ́tlándì, ó dúró títí oṣù kẹfà ọdún 1940 fi parí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ni òfin tuntun gbé e kúrò. Èyí tí wọ́n ń fi gbígbé pọ̀ ṣe nìkan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn náà sì wà nínú òfin títí di 2006.