Ẹni tó so òjò rọ̀ nínú oṣù Kejìlá

Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Obìnrin kan jókòó, ó gbé ọ̀pá lé orúnkún, ó ń ròyìn bí MS ṣe dá a jókòó fún oṣù méjì gbáko. Ó na ìgò àgbo kan sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ó dìde, ó sọ ọ̀pá nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Aago márùn-ún ìdájí ni Mọ́mì fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí gúrúpù ẹbí wa lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ fi han àbúrò yín. Àdúrà wa ti gbà." Kí n tó lajú, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti kọ "Àmín" mẹ́fà.

Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti àbúrò mi obìnrin tí wọ́n ń wí yìí wà. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sọ fún un pé multiple sclerosis ló ń ṣe é, èyí tí wọ́n gé kúrú sí MS. Fún ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí: àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà ni wọ́n ṣìnà, tí wọ́n wá ń jẹ ìbòrí àwọn iṣan inú ọpọlọ, ti ẹ̀yìn ojú àti ti inú egungun ẹ̀yìn, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ rọ́bà ara wáyà iná. Iná á wá máa ṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ ojú, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ìtọ̀. Kì í ràn. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, àmọ́ oògùn tó ń dín bó ṣe ń kọluni kù ti wà láti 1993, wọ́n sì ti pọ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ MS tó ṣeé gbọ́kàn lé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fídíò yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Mo mọ ohun tí ẹ rò pé mo fẹ́ sọ, pé òpùrọ́ ni obìnrin yẹn. Rárá o. Mo gbà pé ó ṣàìsàn, mo gbà pé ó mu àgbo, mo sì fojú ara mi rí i pé ó jó. Ohun tí mo ń wí ni pé nínú àìsàn yìí, ẹni tó ń sọ òtítọ́ lè ṣi èèyàn lọ́nà ju òpùrọ́ lọ.

Ẹ wo bí ti àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan ni, a fẹ́ lọ òde, ó ń wé gèlè níwájú dígí. Ó ní kí n wá wò ó, ṣé gèlè yìí ti ń ṣá ni. Gèlè ọ̀hún pupa fòò. Ó fọwọ́ bo ojú òsì, ó ní pupa ni. Ó bo ọ̀tún, ó ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lógún ìgbà. Tó bá sì yí ẹyinjú náà, á máa dùn ún. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò lè fi ojú òsì kàwé mọ́. Dókítà ojú wò ó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún MRI, àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, wọ́n ní kó máa retí. Kò lo oògùn kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò mu àgbo. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ojú là. Gèlè padà pupa.

Ká ní ìgò yẹn ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́? Ìgò ni ì bá gba ìyìn. Àbúrò mi tí kì í parọ́ ni ì bá dúró níwájú fóònù, tí ì bá máa fi Ọlọ́run búra pé ojú òun ti fọ́, àgbo sì là á.

Bí MS ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá mú, bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé tiwọn á bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tó ń lọ tó ń bọ̀: á kọlu èèyàn, á fi í sílẹ̀ fún oṣù tàbí fún ọdún, á tún dé. Ìgbà wo sì lèèyàn ń sáré ra àgbo? Ìgbà tó bá le jù ni. Lẹ́yìn ìgbà tó bá le jù, kí ló kù kó ṣe bí kò ṣe kó dẹ̀? A mọ àwọn tó ń gbowó láti so òjò rọ̀ nílé wa tí èèyàn bá ní òde. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yẹn nínú oṣù Kejìlá, owó rẹ̀ á pé, wọ́n á sì tún júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ ní kó wá so ti oṣù Kẹfà rọ̀ ná. Àwọn tí àgbo kò ṣiṣẹ́ fún kì í sì í ya fídíò. Ta ló máa dìde wá sọ fún ayé pé òun mu ìgò mẹ́ta, òun ṣì wà lórí àga?

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé àwa aláàgbo nìkan ni eléyìí ń ṣe. Lọ́dún 2009, dókítà kan ní ìlú Ferrara ní Ítálì, Paolo Zamboni, tí ìyàwó rẹ̀ alára ní MS, sọ pé ohun tó ń fà á ni pé àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ láti ọpọlọ gba ọrùn ti fún. Ó ní kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ọ̀hún, kí wọ́n fẹ́ bàlúùnù kékeré níbẹ̀, kó lè là. "Ìdáǹdè" ni orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ abẹ náà. (Tí pásítọ̀ wa bá gbọ́, wọ́n á ní kí wọ́n san owó orúkọ.) Tẹlifíṣọ̀n gbé e ní Kánádà, Facebook àti YouTube gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn á ya fídíò pé ọwọ́ òun tó tutù ti ń gbóná, pé òun gun àtẹ̀gùn. Àwọn ará Kánádà kó owó ara wọn, wọ́n lọ sí Pólándì, Mẹ́síkò, Costa Rica àti Íńdíà. Nígbà tó di 2012, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kan ti kú nídìí iṣẹ́ abẹ náà, àwọn mìíràn sì ní àrùn rọpárọsẹ̀.

Àwọn olùwádìí wá ṣe ohun tí fídíò kò lè ṣe. Ní Kánádà, wọ́n kó èèyàn 104 jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Wọ́n ki rọ́bà bọ gbogbo wọn lára, àmọ́ apá kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ bàlúùnù fún, wọn kò sì sọ fún aláìsàn èwo ni tirẹ̀. Bí ọdún kan ti ń parí, kò sí ìyàtọ̀. Èsì yẹn jáde ní 2017. Ọdún yẹn náà ni Zamboni gbé èsì ìwádìí tirẹ̀ jáde, tó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ṣe ìtọ́jú MS. Mo kan sáárá sí ọkùnrin náà fún ìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi gbé e lọ́wọ́ bí ẹyin.

Ẹ̀yin tó ń bi mí pé báwo lẹ ṣe lè mọ ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbọ́kàn lé, ohun tí èmi ń kọ́kọ́ wá nìyẹn: ṣé wọ́n pín àwọn èèyàn sọ́nà méjì? Bí kò bá sí ẹni tí wọn kò fún ní nǹkan náà, mi ò ka ibẹ̀ parí mọ́.

Àwọn nǹkan mìíràn wà o. Àǹtí wa kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ẹ̀bà ni ká sọ pé kí ọmọ náà má jẹ mọ́, pé dókítà ńlá kan ní Ìbàdàn ti fi hàn pé gàárì ló ń fa á. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo wá ìdí rẹ̀, irọ́ pátápátá kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti UCH ló lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́ láyé ìgbà 1960 sí 1969, tó rí àìsàn kan tó ń mú ojú, etí àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá, tó sì so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Wọ́n mú òtítọ́ ilé ẹlòmíràn wá sí ilé wa ni.

Irú àṣìmú bẹ́ẹ̀ lè pa èèyàn lára fún àwa aláwọ̀ dúdú. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní neuromyelitis optica. Ojú àti egungun ẹ̀yìn ló ń mú bíi MS, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi kà á mọ́ MS kí wọ́n tó rí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 2004. Ó ń mú ẹ̀yà tiwa ju òyìnbó lọ. Díẹ̀ nínú oògùn MS sì máa ń mú un burú sí i. Nítorí náà tí ẹnì kan bá kọ̀wé sí yín pé "èmi náà ní i, ohun tí mo lò rèé", ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ohun kan náà lẹ jọ ní.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú. Ojú ewé tó bá ṣì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni MS kò tíì gbọ́ ìwádìí tó jáde ní 2013 láti gúúsù California, pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń ní i níbẹ̀ ju obìnrin òyìnbó lọ. Èyí tó bá ní kò sí oògùn kankan fún irú MS tó ń burú díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ kí oògùn ocrelizumab tó gba àṣẹ ní 2017. Àjọ kan ní Geneva tiẹ̀ máa ń fún ojú ewé ìlera ní àmì HONcode tẹ́lẹ̀, pé ó ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n ti kógbá sílé ní 2022. Tí ẹ bá rí àmì náà lónìí, ohun tó ń sọ fún yín kò ju pé ó pẹ́ tí wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ṣé kí aláìsàn má gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, 1945, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sylvia Lawry sanwó ìkéde kékeré nínú ìwé ìròyìn New York Times, torí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí MS ń ṣe. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jọ̀wọ́ kọ̀wé sí òun. Lẹ́tà tó lé ní àádọ́ta dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn náà ń wá ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó kó wọn jọ, ìyẹn ló sì di ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1946, tó ń náwó sí ìwádìí MS títí dòní.

Ohun tí aláìsàn mọ̀ tí dókítà kì í rántí sọ pọ̀. Ní ọjọ́ kan àbúrò mi wẹ omi gbígbóná, ojú rẹ̀ bàjẹ́ lójijì, Google sọ fún un pé àìsàn ti tún kọlù ú. Ó ń sunkún. Obìnrin ará Glasgow kan tó ti ní i fún ogún ọdún ló kọ̀wé sí i pé ooru ló fà á, kó jókòó síbi tó tutù, á padà. Kò pé wákàtí kan tó fi padà. Nọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ kejì. Bí èèyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń wò ó, ìyẹn kọ́ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Ìgò náà dé. Mọ́mì ti san ₦35,000, wọ́n fi rán ẹni tó ń bọ̀. Àbúrò mi gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, ìyẹn yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí ló wà nínú rẹ̀. Ara ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, àrùn mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀ tó ń wò, kò sí orúkọ ewé kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, torí oògùn MS tí ọmọ náà ń lò, wọ́n ń yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà; ta ló mọ ohun tí àgbo yìí á tún fi kún un?

Ó pe Mọ́mì fúnra rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣòfò lórí wa. Àmọ́ mi ò ní lè mu ún." Ó ṣàlàyé ti ẹ̀dọ̀, ó ṣàlàyé ti gèlè. Wọ́n dákẹ́ títí, mo tiẹ̀ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Wọ́n wá ní, "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jó?"

Mo lọ wá ojú ewé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fídíò náà ti pé ọdún mẹ́rin. Kò gbé òmíràn síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.