Kòríà ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ta ló ni pátánì?

Èrò ọkàn mi lásán ni o, n ò wá jà.

Bí mo bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń yin Gúúsù Kòríà pé ó ra ríákítọ̀ nukilia, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń mú iná wá, ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀, òun náà ti wá ń tà á, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ríákítọ̀ tó kọ́kọ́ fún wọn níná, ti Kori, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, Westinghouse ti Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ parí, tó kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, Kòríà yarí: ẹni tó bá máa tà fún wa gbọ́dọ̀ kọ́ wa níṣẹ́. Combustion Engineering, ará Amẹ́ríkà náà ni, ló gbà. Ó kó ìyàwòrán ẹ̀rọ fún wọn, ó kọ́ àwọn ẹnjiníà wọn. Ṣùgbọ́n ní 2000, iṣẹ́ nukilia Combustion bọ́ sábẹ́ Westinghouse, tòun ti ìwé àdéhùn tí Kòríà ti bá a ṣe. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Oṣù Kejìlá 2009, Kòríà já iṣẹ́ gbà mọ́ àwọn Faransé lọ́wọ́ ní Barakah, ní orílẹ̀-èdè tí Dubai wà: ríákítọ̀ mẹ́rin, nǹkan bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là. Ìkòkò irin gìrìwò tí epo nukilia ń wà nínú ẹ̀, nílé wọn ní Changwon ni wọ́n ti rọ ọ́! Ká má parọ́, orí mi wú.

Wọ́n wá gbé ọjà dé Poland àti Czech. Ní 2022, Westinghouse pè wọ́n lẹ́jọ́: pátánì mi lẹ fi ń ránṣọ, ẹ ò sì gbàṣẹ Amẹ́ríkà. January 2025 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí aráyé gbọ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe. Oṣù Kẹfà ni Czech tó buwọ́ lùwé.

Àwọn kan ní ojúkòkòrò ọ̀gá ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọṣẹ́ ló fọwọ́ ara ẹ̀ sáìnì ìwé ìkọ́ṣẹ́ yẹn.

Íjíbítì ti ń kọ́ mẹ́rin tiẹ̀ lọ ní El Dabaa, Rọ́ṣíà ló ń tà á, òun náà ló yá wọn ní 25 bílíọ̀nù dọ́là. Iye iná tó máa mú wá ni gbogbo èèyàn ń kà. Ojú ìwé tó sọ ẹni tó ni ìyàwòrán ni ká kọ́kọ́ ṣí fún mi.