Ta ló sọ pé ẹ ti pẹ́? Ìṣirò ọdún lẹ́yìn fásitì

Lọ́jọ́ ìgboyè ní Ilé-Ifẹ̀, bí ẹ bá dúró níwájú gbọ̀ngàn Odùduwà nínú ọgbà Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU), ẹ ó rí i pé irú gáànù kan náà ló wà lọ́rùn gbogbo wọn. Ayàwòrán ń pariwo pé kí wọ́n sún mọ́ra, ìyá ń tún fìlà ọmọ tó fẹ́ ṣubú ṣe, bàbá ń wá ibi tó gbé mọ́tò sí. Kí wọ́n tó dé géètì, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ ńlá, ọkọ rere, ilé tìrẹ, kò ní pẹ́. Kò sóhun tó ṣe àdúrà. Òǹkà tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀: pé bí ọdún 5 bá ti kọjá lẹ́yìn fásitì, tí ẹnì kan ò sì tíì ní iṣẹ́ gidi, ọkọ tàbí aya, ó kéré tán ilẹ̀ kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀.

Irọ́ ni. A ò sì fẹ́ fi “ìka ò dọ́gba” tu ẹnikẹ́ni nínú. Ìṣirò la fẹ́ ṣe.

Òǹkà ọdún 5 yẹn ní ìgbà tó bá mu. Ní 1962 ni Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, Ìbàdàn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ní 1987 ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Ní 1969, fásitì 5 péré ló wà ní gbogbo Nàìjíríà: Ìbàdàn, Nsukka, Zaria, Èkó àti Ifẹ̀. Ìjọba àti ilé iṣẹ́ ló ń wá akẹ́kọ̀ọ́jáde kiri nígbà náà, tí wọ́n tún ń yá wọn lówó ra mọ́tò. Lónìí, fásitì ti lé ní 200. Láti ìgbà SAP (ètò àtúntò ọrọ̀ ajé), ní 1986, ni ìjọba ti fọwọ́ mú ìgbanisíṣẹ́. Àmọ́ ọ̀pá tí bàbá fi wọn ara rẹ̀ ní 1975 ló ṣì fi ń wọn ọmọ tó jáde ní 2023.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ 2 tó wọlé sí OAU lọ́jọ́ kan náà, ká ní ní oṣù kìíní 2017, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ọ̀kan ń kọ́ Hísìtírì, ọdún 4. Èkejì ń kọ́ Lọ́ọ̀, ọdún 5. Lórí ìwé, ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Ẹ wá ka oṣù ìyanṣẹ́lódì ńlá 3 ti ASUU (ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì) mọ́ ọn. Oṣù 3 lọ láti ìparí 2018 wọ 2019. Oṣù 9 ó lé díẹ̀ lọ ní 2020, láti oṣù kẹta títí di ọjọ́ tí Kérésì ku ọ̀la (Kòrónà náà wà nínú ẹ̀). Oṣù 8 gbáko lọ ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá.

Ọmọ Hísìtírì: ọdún 4 pẹ̀lú oṣù 12, ó di oṣù kìíní 2022. Ó rá pálá jáde kí ti 2022 tó dé. Ọmọ Lọ́ọ̀: ọdún 5 pẹ̀lú oṣù 12 gbé e dé oṣù kìíní 2023, oṣù 8 ti 2022 sì tún tì í dé oṣù kẹsàn-án 2023. Ọdún kan ti di oṣù 20. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ń dúró dè é fún ọdún kan, ìsìnrú ìlú (NYSC) gba ọdún kan mìíràn, ìdúró díẹ̀díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Nígbà tí yóò bá fi gba ìwé ẹ̀rí NYSC, ọmọ ọdún 27 ni, kò fi ìdánwò kankan ṣeré, kò tún kíláàsì kankan ṣe.

Ọmọ Hísìtírì gan-an ò tíì bọ́. Ìdánwò àṣekágbá yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn jáde. Bó bá ṣe ìdánwò tán ní oṣù kìíní 2022, tí àwọn olùkọ́ ò sì tíì mákì rẹ̀ tán kí ìyanṣẹ́lódì tó wọlé ní oṣù kejì, ìwé ìdánwò rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí wọ́n fi padà. Olùkọ́ á mákì, ẹ̀ka á jókòó lé e lórí, ó di fákọ́tì, ó di Sẹ́nẹ́ètì, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ inú àkọsílẹ̀ tí fásitì ń fi ránṣẹ́ sí NYSC. Ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ máa ń há sí: ọjọ́ ìbí tó wà lọ́dọ̀ JAMB (àjọ ìdánwò àbáwọlé fásitì) ò bá ti fásitì mu, tàbí lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ nínú orúkọ. Wọ́n á yọ ọ́ sẹ́yìn, ó di báàṣì tó ń bọ̀. Báàṣì A, B àti C ló máa ń wà lọ́dún, nítorí náà lẹ́tà kan lè jẹ oṣù 4. Ẹ yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín wò lórí JAMB ní ìpele kejì, ẹ má dúró de ọdún àṣekágbá.

Ìṣègùn ò tiẹ̀ ṣeé fi wé wọn. Ọdún 6 lórí ìwé, ọdún kan ìfiṣẹ́kọ́ra nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà ni ìsìnrú ìlú. Ẹni tó bá sì fẹ́ di amọ̀ṣẹ́dunjú ní OAUTHC (ilé ìwòsàn ìkọ́ni OAU), yálà ní Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló tún kù. Dókítà ọmọ ọdún 35 tó ṣì ń kàwé fún ìdánwò, ibi tó yẹ kó wà ló wà. Bákan náà lọmọ tó kọ́kọ́ ṣe NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) ọdún 3 ní Iléṣà, nígbà tó ṣì jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́, tó wá wọ ìpele kejì ní OAU, tó fi ọdún 3 mìíràn gba dìgírì. Ọdún 6 ni dípò 4. Ẹ̀yin ìyá ìyàwó máa ń pè é ní ẹni tó pẹ́, ẹ ò rántí pé ọ̀tọ̀ ni ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó lè fi máa jẹun bó ṣe ń kàwé.

Lẹ́yìn èyí ni gúrúpù WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wá dé. Ká ní ẹ jẹ́ 150 níbẹ̀. Bí ẹni 3 bá ń gbé ohun ayọ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù, tí ẹnì kan ò sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹni 36 lẹ ó gbọ́ tiwọn lọ́dún. Àwọn 114 tó kù dákẹ́. Ẹ tún wò ó dáadáa: ẹni tó gbé fọ́tò òrùlé síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kọ́ ló gbé ti ìsọmọlórúkọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó gba físà tún jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wò ó lóru, gbogbo wọn ti para pọ̀ di ẹnì kan ṣoṣo tó nílé, tó bímọ, tó sì ti wà ní Kánádà. Ẹni yẹn ò sí. Òun lẹ sì ń bá du ipò.

Àwọn ilẹ̀kùn tó ń tètè tì wà o, a ò ní purọ́. Ètò tí báǹkì fi ń gba ọmọ tuntun sábà máa ń fi ọdún 26 tàbí díẹ̀ lé e ṣe gbèdéke, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù náà kì í fẹ́ gba ẹni tó ti kúrò ní 30 sókè dáadáa. Ẹ ka ìkéde kí ẹ tó sanwó fọ́tò. Ṣùgbọ́n nínú òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún 18 sí 50 ni gbèdéke ìgbanisíṣẹ́. Ẹni ọdún 34 tó ń sunkún pé iṣẹ́ ìjọba ti kọjá òun, ọdún 16 ló ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 30 ti NYSC náà, ọ̀pọ̀ ló ṣì í mú. Ọjọ́ tí èèyàn gboyè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tó fẹ́ wọ káńpù. Ẹni tó jáde ní 29, tí ìdúró gbé dé 32, yóò sìn. Ẹni tó ti lé ní 30 nígbà tó jáde, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n á fún un, ìwé yẹn sì tó láti fi gba iṣẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ lọ búra ní kóòtù láti gé ọdún 4 kúrò lára ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí yẹn ti wà nínú WAEC, nínú NIN, nínú ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, iṣẹ́ náà lè lọ.

Bí èèyàn bá sì ti wọlé, àkàbà lásán ni. Olùkọ́ fásitì ní ìgbésẹ̀ 6 láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọdún 3, ọdún 18 ni, láìsí ìdúró. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 27 á wà ní 45. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní dìgírì tó sì ti sìn ìlú máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ipele 8; 9, 10, 12 (kò sí 11), 13, 14, ọdún 3 fún ìkọ̀ọ̀kan. Ọdún 15 nìyẹn kó tó dé 14, yálà ó bẹ̀rẹ̀ ní 24 tàbí ní 31.

Àwọn obìnrin ni òǹkà yìí ń jẹ níyà jù. Ní Lágere tàbí ní Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n bá ti kí wọn tán, ìbéèrè tó kàn ni “ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì?” Bí ẹni pé ara obìnrin máa ń tì bí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìbí ọgbọ̀n ọdún. Lóòótọ́, bó ti ń dàgbà ni ọmọ bíbí ń ṣòro sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ; lẹ́yìn 35 ló ń yára. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí tọkọtaya tí obìnrin ò tíì pé 35 gbìyànjú fún ọdún kan kí wọ́n tó wá ṣàyẹ̀wò, kí ẹni tó ti pé 35 má dúró ju oṣù 6 lọ. Ọjọ́ kan náà sì ni kí ọkùnrin lọ. Nǹkan bí ìdajì àìríbí ló ní ọwọ́ ọkùnrin nínú, àyẹ̀wò tirẹ̀ ló sì rọrùn jù. Ohun tí kò yẹ kó dúró de ọjọ́ orí kankan ni jẹnotáìpù: AS pẹ̀lú AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kí wọ́n ṣe é ní láàbù 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ìdílé tó mọra.

Bó bá jẹ́ pé owó ló ń dá ìgbéyàwó dúró, kì í ṣe ìgbéyàwó ló wọ́n, ayẹyẹ ni. Iṣu 42, orógbó, obì, ataare, oyin àti iyọ̀ ìdána ò to gbèsè; gbọ̀ngàn àti ankará ni gbèsè. Ti kóòtù, ìfilọ̀ ọjọ́ 21 ló ń béèrè, oṣù 3 sì ni ìfilọ̀ náà fi ń ṣiṣẹ́. Bí oṣù 3 bá kọjá, ẹ tún fọ́ọ̀mù gbà.

Ti ilé, ẹ fi í sílẹ̀. Bílọ́ọ̀kù kì í ka ọdún fún ẹnikẹ́ni.

Pípẹ́ ní ohun tó ń jẹ, ká sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ ìjọba ń parí ní ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé (olùkọ́ ti di 65 tàbí ọdún 40 lábẹ́ òfin 2022). Ẹni tó wọlé ní 24 á lọ ní 59. Ẹni tó wọlé ní 31 á lọ ní 60. Ọdún kan ló wà láàárín ìfẹ̀yìntì wọn, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ fi ọdún 6 pọ̀ ju èkejì lọ lẹ́nu iṣẹ́: oṣù 72 tí wọ́n ń yọ 8% nínú owó oṣù rẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì, tí agbanisíṣẹ́ ń fi 10% kún un. 18% fún oṣù 72 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù 13, èrè orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹni tó wọlé ní 31 pàdánù nìyẹn, iye kan pàtó ni, ó sì ṣeé dí. Lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì owó ló ń gbà kí wọ́n máa yọ ju 8% lọ, òfin gbà á. Lẹ́yìn náà, kí ó máa wo àkọsílẹ̀ RSA (àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì) rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, torí ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n yọ owó náà nínú ìwé owó oṣù, wọn ò sì fi ránṣẹ́.